Ẹ̀jẹ̀ ti pé, ẹ̀ṣọ́ ara ò tíì pé: ohun tó ń lọ nínú ara lẹ́yìn pípààrọ̀ mùdùnmúdùn

Ẹ jẹ́ ká mú èsì lábù kan: ẹ̀jẹ̀ funfun 5,200, platelet (tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) 160,000, PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa) 34. Ẹni tó ni ín ti pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun nítorí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, bóyá ní Íńdíà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń lọ. Ó lo bí 100 ọjọ́ níbẹ̀ kó tó padà sí Ìbàdàn. Ẹbí rí èsì, ọkàn wọn balẹ̀. Wọ́n ti ń wá kánópì, ẹgbẹ́ ti dá aṣọ, wọ́n ti mú ọjọ́ ìdúpẹ́.

Èsì yẹn kò purọ́, àmọ́ kò sọ gbogbo òótọ́. Iye ló kà, kò sọ irú èyí tó wà níbẹ̀, kò sì sọ ohun tí wọ́n lè ṣe. Láàárín oṣù kẹta sí ọdún kejì, nígbà tí aláìsàn ti kúrò lójú dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà, tí ojú rẹ̀ ti mọ́, tí irun rẹ̀ ti ń hù, ni àrùn tí kì í pa ẹlòmíràn lè gbé e dè.

Inú mùdùnmúdùn ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní stem cell. Irúgbìn ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n, torí lára wọn ni ẹ̀jẹ̀ pupa, ẹ̀jẹ̀ funfun àti platelet ti ń jáde. Kẹ́mò, ìyẹn òògùn jẹjẹrẹ, tó lágbára tó láti gbá leukaemia, lymphoma tàbí myeloma, oríṣi jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta, kúrò nílẹ̀ á pa mùdùnmúdùn pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irúgbìn mìíràn fi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ láti gbìn.

Nínú myeloma, irúgbìn aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n sábà ń lò. Wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ filgrastim fún bí ọjọ́ 4 sí 5 kí irúgbìn lè tú jáde láti inú egungun sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ á ṣà á jọ, wọ́n á gbé e sínú òtútù tó ju ti fíríìsà ilé lọ fíìfíì, wọ́n á wá fún aláìsàn ní òògùn melphalan kí wọ́n tó dá irúgbìn rẹ̀ padà fún un. Nínú leukaemia, ti ẹlòmíràn ni wọ́n sábà ń wá. Ọmọ ìyá kan bàbá kan ní àǹfààní ìdá kan nínú mẹ́rin láti bá aláìsàn mu pátápátá. Bàbá, ìyá àti ọmọ á bá a mu ní ìdajì, wọ́n sì ti ń lo ìdajì náà báyìí. Ọmọ bàbá kan tí ìyá wọn yàtọ̀, tó pọ̀ nínú agboolé wa, kì í sábà bá ara wọn mu ju ìdajì lọ, ìyẹn bó bá tiẹ̀ mu rárá.

Ó kéré tán, wọ́n ń fẹ́ mílíọ̀nù 2 irúgbìn fún kílò kọ̀ọ̀kan tí aláìsàn wọ̀n, ìyẹn mílíọ̀nù 120 fún ẹni kílò 60. Kò sí ọ̀bẹ nínú gbígbìn rẹ̀. Inú àpò ló wà bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà síni lára, ojú iṣan ló ń gbà wọlé, irúgbìn fúnra rẹ̀ á sì wá ọ̀nà dé inú egungun. Ọjọ́ òdo ni wọ́n ń pe ọjọ́ yẹn, àtibẹ̀ ni kíka ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1957, ọdún tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH fún wa ní Ìbàdàn, ni E. Donnall Thomas àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn nípa aláìsàn 6 tí wọ́n fún ní mùdùnmúdùn jáde. Kò sí ìkankan nínú wọn tó kọjá 100 ọjọ́. Thomas gba ẹ̀bùn Nobel ní 1990. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn UBTH ní Benin ló kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ní 2011, fún ọmọdé tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Òǹkà 100 ọjọ́ ṣì wà títí dòní, àmọ́ àwọn oníṣègùn ò fi mọ̀ ọ́n sí òpin ìrìn àjò.

Bí àwọn ẹ̀ṣọ́, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń gbógun ti àrùn, ṣe ń padà dé ló yẹ ká fara balẹ̀ wò.

Neutrophil ló ń ṣíwájú. Ọlọ́dẹ àdúgbò ni wọ́n: wọn ò nílò àtimọ orúkọ olè kí wọ́n tó lé e. Nígbà tí wọ́n bá tó 500 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan fún ọjọ́ 3 léraléra, dókítà á ní irúgbìn ti hù. Bí ó bá jẹ́ láti ojú iṣan ni wọ́n ti ṣa irúgbìn, ó ń gba bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Èyí tí wọ́n fà láti egungun ìbàdí máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i, ti inú okùn ìwọ́ ọmọ tuntun sì lè tó oṣù kan. Àwọn tí wọ́n ń pè ní NK náà ń tètè dé, láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ wá ń falẹ̀. Ẹni tó bá mọ ètò oyè Ìbàdàn á tètè lóye T-cell, ẹ̀ṣọ́ tó ń dá ọ̀tá kọ̀ọ̀kan mọ̀. Oríṣi méjì ni ká mọ̀ nínú wọn, CD4 àti CD8. CD4 ni Balógun: òun ló ń pàṣẹ, òun ló ń sọ fún àwọn yòókù ibi tí ogun wà. CD8 ni jagunjagun tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò àrùn sá pamọ́ sí. CD8 lè pọ̀ láàárín oṣù 2 sí 3, pàápàá tí kòkòrò bíi CMV bá ti ru wọ́n sókè. CD4 ló ń pẹ́ dé. Kó tó kọjá 200 nínú máíkírólítà kan, ó lè gba oṣù 3, ó sì lè gba ọdún kan gbáko.

Ọ̀nà méjì ni T-cell ń gbà padà, ibẹ̀ sì ni àdììtú rẹ̀ wà. Àwọn àgbà T-cell tó bá irúgbìn wọlé á máa bí sí i. Wọ́n á pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kìkì ọ̀tá tí wọ́n ti bá pàdé rí ni wọ́n mọ̀. Àwọn tuntun tó lè kọ́ ọ̀tá tuntun gbọ́dọ̀ gba inú thymus kọjá, ẹ̀yà ara kékeré kan lẹ́yìn egungun àyà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ wọn láti dá ará ilé mọ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Thymus kì í dàgbà bá wa. Láti ìgbà èwe ló ti ń sún kì, tó ń di ọ̀rá. Ti ọmọ ọdún 8 ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ti ẹni ọdún 60 ti kù díẹ̀ káàtó. Kẹ́mò àti ìtànṣán sì tún ń bà á jẹ́ sí i. Bí ọmọdé ṣe ń rí T-cell tuntun láàárín oṣù mélòó kan, àgbàlagbà lè retí ọdún kan sí méjì, ti ẹlòmíràn ò sì ní padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

B-cell ni alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọfà tí a mọ̀ sí antibody. Wọ́n máa ń yọjú láàárín oṣù 3 sí 6, àmọ́ alágbẹ̀dẹ tí Balógun ò bá pàṣẹ fún, ọfà tí kò mú ni yóò máa rọ. Ó tó ọdún kan sí méjì kí iṣẹ́ wọn tó gún. Ìrántí àtijọ́ náà ń pa rẹ́: àrùn èéyi tí aláìsàn ṣe ní kékeré, abẹ́rẹ́ tí ìyá rẹ̀ gbé e lọ gbà, gbogbo rẹ̀ ń ṣá lọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ padà sí 5,200 àkọ́kọ́. Bí neutrophil bá jẹ́ 4,300 nínú rẹ̀, tí monocyte, ẹ̀jẹ̀ funfun mìíràn, jẹ́ 400, lymphocyte, ìyẹn T-cell, B-cell àti NK lápapọ̀, 500 péré ló kù. Bí wọ́n bá ya CD4 sọ́tọ̀ nínú 500 yẹn, ó lè má ju 90 lọ. Ọlọ́dẹ kún òpópónà, Balógun ò sí nílé. Àyẹ̀wò CD4 tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ní HIV náà ló ń fi èyí hàn, nítorí náà kì í ṣe nǹkan àjèjì ní Ìbàdàn. Kí ẹ máa béèrè rẹ̀ ló kù, àti IgG tó ń sọ iye ọfà tó wà nílẹ̀. Bí IgG bá já wálẹ̀ kọjá 400 mílígíráàmù nínú dẹ́sílítà, tí àrùn sì ń ṣe é lemọ́lemọ́, dókítà lè ní kí wọ́n fa antibody ẹlòmíràn sí i lára.

Ẹni tó gba irúgbìn ara rẹ̀ ń yára ju èyí lọ. Ohun tó ń dá ẹni tó gba ti ẹlòmíràn dúró ni GVHD, ìyẹn ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ àlejò bá kọjú ìjà sí onílé. Awọ ara á pọ́n, á sú, ìgbẹ́ gbuuru aláwọ̀ ewé lè dé, ẹ̀dọ̀ lè fara gbọgbẹ́ kí ojú di pípọ́n. Kí ó má bàa ṣẹlẹ̀, wọ́n ń fi cyclosporine tàbí tacrolimus tẹ ẹ̀ṣọ́ lórí ba. Tí ó bá ti ṣẹlẹ̀, prednisolone ló ń wọlé, òun sì ń rẹ gbogbo T-cell sílẹ̀, ti rere ti búburú. Bí oṣù bá ń gorí oṣù, ẹni tó ṣì ń lo prednisolone kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu, ohun yòówù tí lábù ìbáà kọ.

Ìdí nìyẹn tí àrùn kọ̀ọ̀kan fi ní àsìkò tirẹ̀. Oṣù kìíní, bakitéríà láti ẹnu tó ti di egbò àti láti ìfun ló ń dààmú wọn jù. Láàárín oṣù kìíní sí ọjọ́ 100, CMV àti èbu inú ẹ̀dọ̀fóró ni. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Nàìjíríà ló ní CMV tó ń sùn lára wọn, nítorí náà wọ́n ń ṣe PCR, àyẹ̀wò tó ń wá a nínú ẹ̀jẹ̀, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá jí, wọ́n á fi ganciclovir lé e, òògùn kan náà tó tún ń já neutrophil wálẹ̀. Lẹ́yìn 100 ọjọ́ ni òtútù àyà pneumococcus àti kòkòrò chickenpox tó ń jí padà bí ìléròrò tó ń dunni ní ẹ̀gbẹ́ ara kan. Aciclovir ń lọ fún ó kéré tán ọdún kan, Septrin fún ó kéré tán oṣù 6, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ tí GVHD bá wà. Òògùn méjèèjì yìí ni àwọn èèyàn wa ń kọ́kọ́ jù sílẹ̀, nítorí pé “ara ti yá”.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìwé òkè òkun fi sí ìsàlẹ̀ ojú ewé, tó sì yẹ kó wà lókè fún ẹni tó ń gbé níbí. Aràn Strongyloides ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ara ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tútù, ó sì lè wà nínú ìfun fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdá èèyàn láàmú. Lọ́jọ́ tí prednisolone bá dé, á tú ká dé ẹ̀dọ̀fóró, á sì kó bakitéríà ìfun wọ ẹ̀jẹ̀. Ivermectin ló ń pa á, ìṣáájú iṣẹ́ ni kí wọ́n ti lò ó. Mẹ́dọ̀wú B náà nìyẹn: àyẹ̀wò HBsAg nìkan kò tó, kí wọ́n ṣe anti-HBc pẹ̀lú, torí kòkòrò tó ti sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ ń jí bí ẹ̀ṣọ́ bá ti kúrò. Ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ibà ẹ̀fọn náà kò gbọ́dọ̀ sá mọ́ dókítà lọ́wọ́. Ibà lè ti ara ẹni tó fún un ní irúgbìn wọlé, ó sì lè ti inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i.

Nínú ilé, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èlùbọ́, Ìbàdàn ṣáà ni. Àmàlà tó ń rú èéfín lórí àwo kò ní wàhálà kankan. Èlùbọ́ gbígbẹ ni ká ṣọ́ra fún. Iṣu tó gbẹ tí òjò pa, tí wọ́n dì sínú àpò fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ń bu, Aspergillus sì wà lára èbu bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá ń kù ú, eruku funfun tó ń fò wọ imú lè kún fún irúgbìn èbu. Ẹ̀dọ̀fóró wa ń gbá a jáde lójoojúmọ́ láìmọ̀, ti ẹni yìí kò lè ṣe é. Nítorí náà, ẹlòmíràn ni kó kù ú, ẹlòmíràn ni kó rò ó, kí òun wà ní yàrá kejì. Kó má gba ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́ ní Bódìjà kọjá, kó yẹra fún ilé tí wọ́n ń wó àti igi tí wọ́n ń rẹ́. Nígbà ọyẹ́, kí aṣọ tútù ni wọ́n fi máa nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀.

Ti oúnjẹ, ìwádìí ti fi hàn pé fífi gbogbo èso àti ewébẹ̀ du aláìsàn kò dín àrùn kù ju mímọ́ tónítóní lọ. Ẹ fọ èso dáadáa, kí ẹ sì bó o. Àwọn tó yẹ kó fi sílẹ̀ ni wàrà àti nọ́nò tí wọn ò sè, ẹyin tí kò jinná, súyà tó ti tutù sórí tábìlì, gàrí tí wọ́n fi omi ẹ̀rọ tútù rẹ. Omi tó hó fún ìṣẹ́jú kan ti tó. Tó bá jẹ́ omi inú ọ̀rá, ẹ fọ ara ọ̀rá náà, kó má fi eyín já a. Bí iná bá lọ ju wákàtí 4 lọ, ọbẹ̀ inú fíríìjì kò sí fún un mọ́, àwọn tó kù nínú ilé ni kí wọ́n pinnu ti ara wọn.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ fà sí i gbọ́dọ̀ ti gba ìtànṣán, ìwọ̀n 25 Gy, kó tó wọ ara rẹ̀. T-cell tó wà nínú àpò ẹ̀jẹ̀ lè fìdí kalẹ̀ nínú ara tí kò ní ẹ̀ṣọ́, kí ó sì pa mùdùnmúdùn tuntun. Ewu yìí pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ìbátan, torí wọ́n jọ ara wọn tó láti ṣi ẹ̀ṣọ́ lọ́nà. Àṣà wa sì ni pé ẹbí ni wọ́n ń ní kó wá fún aláìsàn lẹ́jẹ̀! Kí ẹbí fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní báńkì ẹ̀jẹ̀, ó dára, àmọ́ kí ó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ tún rántí pé irú ẹ̀jẹ̀ lè ti yí padà. Ẹni tó jẹ́ O tẹ́lẹ̀ lè ti di A bí ti ẹni tó fún un. Genotype inú ẹ̀jẹ̀ náà ń yí: AA lè di AS. Èyí tí yóò fún ọmọ kò yí padà, torí nǹkan ọmọ bíbí kò sí nínú mùdùnmúdùn. Ìwé tó fi èyí hàn ni kó wà nínú àpò rẹ̀, kì í ṣe káàdì àtijọ́.

Kẹ́mísì àdúgbò náà ní tirẹ̀. Erythromycin àti fluconazole ń gbé cyclosporine sókè títí kíndìnrín á fi fara gbá. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ ń já a wálẹ̀ títí GVHD á fi tú sílẹ̀. Ibuprofen ń fi kún ìnira kíndìnrín. Àgbo, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń bá òògùn wọ̀nyí ṣe nínú ẹ̀dọ̀, ìgò rẹ̀ sì lè ti ní bakitéríà. Bí ara bá gbóná tó 38, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe paracetamol, kì í sì ṣe abẹ́rẹ́ ibà láti ọwọ́ ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀. Kí wọ́n yẹ ibà wò, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún culture, àyẹ̀wò tó ń wá bakitéríà nínú ẹ̀jẹ̀, kí antibiotic sì wọ iṣan láàárín wákàtí kan. Tí wọ́n bá rí ibà ẹ̀fọn, kí wọ́n má tìtorí rẹ̀ dá antibiotic dúró, torí méjèèjì lè wà lára ẹnì kan náà.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wá kù. Ní ti ìyẹn, ọmọ ọwọ́ ni aláìsàn yìí, ẹni ọdún 55 ìbáà ṣe. Abẹ́rẹ́ pneumococcus tí wọ́n tún ń pè ní PCV (kì í ṣe PCV inú èsì lábù) ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 3 sí 6, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, oṣù kan láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù 6 ni ti ipá, diphtheria, ikọ́ àwúbì, Hib, mẹ́dọ̀wú B àti rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń gún, gbogbo wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lè sọ pé ọmọdé nìkan ni àwọn ń fún, kò sì jẹ̀bi. Ìwé dókítà ẹ̀jẹ̀ tó kọ orúkọ abẹ́rẹ́ àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ló ń tú u. Àwọn tí kòkòrò inú wọn ṣì wà láàyè ni ewu: BCG, rara. Èéyi, kò gbọ́dọ̀ ṣáájú oṣù 24, nígbà náà pàápàá, kí GVHD má sí, kí òògùn tó ń tẹ ẹ̀ṣọ́ lórí ba sì ti dáwọ́ dúró. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, dókítà sì ni yóò wò ó bóyá ó tiẹ̀ yẹ. Bó bá ń padà lọ sí Íńdíà fún àyẹ̀wò, tí wọ́n ń béèrè káàdì aláwọ̀ ìyeyè ní pápákọ̀ òfurufú, ìwé dókítà tó ní kò lè gbà á ni yóò mú dání. Kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún òun nítorí ọkọ̀ òfurufú.

Àwọn ọmọ inú ilé gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ tiwọn lásìkò. Kòkòrò inú abẹ́rẹ́ èéyi kì í ti ara ọmọ ran aláìsàn. Rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sẹ́nu àti rotavirus tó dé Nàìjíríà ní 2022 ló yàtọ̀, ìgbẹ́ ọmọ ni wọ́n ń bá jáde. Ti rọpárọsẹ̀, ẹ béèrè fún èyí tí wọ́n ń gún dípò rẹ̀ fún ọmọ tó ń bá aláìsàn gbé. Tí àwọn tó ń kán an láti ojúlé dé ojúlé bá ti kán an, kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ ìlédìí ọmọ náà fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4, kí onítọ̀hún sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó gbé oúnjẹ aláìsàn.